Ta ló máa san owó epo?

Mo máa ń bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá onígàrí kan kọ lẹ́tà ìtọrọ owó, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá àwọn olówó wí díẹ̀.

Wọ́n á fún wa lówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Owó báńà wà ńbẹ̀, owó fótò wà ńbẹ̀, owó jọ̀lọ́ọ̀fù gan-an wà ńbẹ̀ (ti jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn ò burú o). Wọ́n tiẹ̀ lè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Epo tó máa gbé e ṣiṣẹ́ ńkọ́? Owó oṣù ẹni tó ń ṣèṣirò ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn ò sí nínú ètò àwọn.

Kó tó di May 2023, iye tí ìjọba ní kí wọ́n máa ta lítà bẹntiróò kan ò tó ₦200. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tó fi máa parí July, ó ti lé ní ₦600. Owó tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹgbẹ́ ńkọ́? Kò kúrò níbi tó wà.

Ọdún kan pé, owó tán, wọ́n wá ń bi àwọn ìyá yẹn pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ ò lè dá dúró. Ṣé ọmọ ọdún kan ń dá oúnjẹ sè ni?

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí wọ́n dá àjọ. Wọ́n ti ń dá a kí wọ́n tó bí yín. Àjọ lè ra ẹ̀gẹ́, kò lè san owó oṣù èèyàn méjì.

Owó ọdún mẹ́ta ni kí ẹ gbé wá, kí owó epo àti owó oṣù wà nínú ẹ̀. Ẹ fi báńà sílẹ̀.