Ẹni tí ó Padà Bọ̀ láti Oko Ẹrú: Kí ni Ìjọ Yóò Ṣe fún Un?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni kò mọ̀ pé ọmọ bíbí ìdílé Iléṣà ni ó wà nídìí òfin tí ó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò ní Nàìjíríà. Ìyáàfin Títílayọ̀ Abubakar ni ẹni náà. Nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù ní àwọn ọdún 1980, ó rí àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tí wọ́n dúró sí òpópónà tí wọ́n ń ta ara wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di igbá-kejì ààrẹ ní 1999, ó dá àjọ WOTCLEF sílẹ̀. Àbá tí àjọ náà gbé kalẹ̀ ni ó di òfin ní oṣù Keje ọdún 2003, tí ó sì bí àjọ ìjọba tí a ń pè ní NAPTIP. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2015. NAPTIP sì ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo níhìn-ín, nítorí náà a kò lè sọ pé ibi tí a ó fi ẹjọ́ sùn jìnnà.

Kí ni ó wá dé tí òwò náà kò kásẹ̀ nílẹ̀? Bí ikú ilé kò bá pani, t'òde kò lè pani. Ẹni tí ó ń wá ọmọ kiri kì í ṣe àjèjì. Ó lè jẹ́ àbúrò ìyá, ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó máa ń mú wá: iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì tàbí ní Oman, iṣẹ́ irun ṣíṣe ní Mali. Yóò ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí, pé bí ọmọ bá débẹ̀, yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìdẹkùn wà. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè aṣọ, ṣùgbọ́n bí a bá ti san án tán, wọn a dìde, wọn a máa lọ. Gbèsè ti òwò yìí kì í tán. Wọn yóò gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ, wọn yóò ka oúnjẹ àti ibùsùn mọ́ gbèsè, bí ó bá sì wù wọ́n, wọn yóò tà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó bá wa pààlà, sórí Facebook, ó ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni òun ń tà á. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ mú un.

Kí ọmọ tó lọ, kí àwọn òbí béèrè orúkọ agbanisíṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, àti ẹni tí ó san owó ọkọ̀ òfurufú. Kí wọ́n fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù sílé. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kí a má sì ṣe máa wo Lẹ́bánónì nìkan: òfin 2015 sọ pé ẹni tí ó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, ó sì lè tó ọdún 7. Èyí kan àwọn mìíràn tí wọ́n ń jókòó ní ìlà iwájú nínú ilé ìsìn wa.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni ti ẹni tí ó padà. Ó padà ní ọwọ́ òfo, àdúgbò sì ń béèrè ohun tí ó mú bọ̀. Àwa náà yóò pè é síwájú ìjọ kí ó wá jẹ́rìí, kí a tó gba ọrẹ tán, ìtàn rẹ̀ ti dé ọjà. Ìtìjú yìí ni àgádágodo tí àwọn oníṣòwò náà fi ń ti ẹnu àwọn tí ó padà, kí ọmọ tí ó kàn má baà gbọ́. Èrò wa ni pé kí á má ṣe gbé makirofóònù sí i lẹ́nu. Kí Ìyá Ìjọ kan tí ó fọkàn tán bá a dé ilé ìwòsàn, kí ó sì bá a dé ọ́fíìsì NAPTIP. Òfin kò fi ìyà jẹ ẹni tí wọ́n tà nítorí ohun tí wọ́n fi ipá mú un ṣe. Bí wọ́n bá ti mú un búra, kí a gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ìbìnní, Ẹwúarè Kejì, fagi lé irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Kò wá yẹ kí Kristẹni máa fi ìbẹ̀rù kún ẹrù ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Àjàyí Crowther. Wọ́n jí i gbé ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822. Wọn kò kàn já a sílẹ̀ ní etíkun Sàró: wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní 1846 ni ó tó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun ni ó ṣíwájú ìtumọ̀ Bíbélì tí à ń kà lónìí. Aránṣọ, onídìrí àti oníbúrẹ́dì kò wọ́n nínú ìjọ wa ní Òṣogbo àti Iléṣà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ láìgba owó, tí ẹgbẹ́ kan sì fi owó aṣọ ìkórè ọdún kan ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, yóò ní ìdí tí kò fi ní padà sí ọ̀nà kan náà.

Nọ́ńbà ìpè ọ̀fẹ́ NAPTIP ni 627. Kí àwọn akọ̀wé ìjọ kọ ọ́ sára pátákó ìfilọ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé.