Níbo Ni Ìyá Ẹlẹ́kọ Yóò Jókòó Sí?

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Ìlá-Ọ̀ràngún yóò bá àwọn obìnrin lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ti gbé ìkòkò ẹ̀kọ àti agbada àkàrà kaná kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀dọ̀ wọn ni bíríkìlà, ọlọ́kadà, ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé ti ń jẹun. Òmíràn kì í sanwó títí di ìparí oṣù. Ìyá ẹlẹ́kọ mọ ilé bàbá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ta àwìn fún un.

Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú àjọ UN-Habitat ṣe ìwé ètò fún ìlú mẹ́sàn-án, Ìlá-Ọ̀ràngún sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún 2033 ni ètò náà ń wò. Àwa kò lòdì sí i. Ta ni kò fẹ́ títì tí ó gbòòrò, gọ́tà tí omi ń gbà, àti ọjà tí òjò kò ní í pa ọlọ́jà? Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, ń kọ wá lóminú.

Ní ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wádìí ọ̀ràn wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun náà dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà kò bá àwọn obìnrin ọlọ́jà dé ibẹ̀. Ní Èkó, ẹnu ọ̀nà ilé ni obìnrin ti ń tajà. Ní Sùúrùlérè, owó mọ́tò ni ó kọ́kọ́ ń san kí ó tó rí ẹni dá a lóhùn. Ní oṣù July 1990, ìjọba wó Màrókò, àwọn tí ilé sì bọ́ mọ́ lọ́wọ́ tó 300,000. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó ń gbé orí ilẹ̀ náà lónìí. Ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá jóná ní 2007. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun ibẹ̀ ní 2014, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè san owó ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tí ó bá sì lè san án, inú abọ́ oúnjẹ ni yóò ti yọ ọ́. Bí ìyá ẹlẹ́kọ bá gba ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá, àkàrà rẹ̀ yóò kéré sí i, àwìn yóò sì tán, nítorí pé onílé kì í gba àwìn. Mẹ́gádì tí ń ṣọ́ ilé olówó àti bíríkìlà tí ó kọ́ ọ ni yóò máa rin ìrìn àjò kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán.

Àwọn kan ń sọ pé èéfín àti ìdọ̀tí àwọn olóúnjẹ ń ba ojú ìlú jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa náà ti jẹ àkàrà tí eruku bà lé. Ẹ̀rọ omi àti ibi ìdalẹ̀nù ni ó lè tún èyí ṣe, kì í ṣe katapílà.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ Kábíyèsí Ọ̀ràngún, àwọn ìjòyè, àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, àti gbogbo ìlú Ìgbómìnà tí ó kù ní Ọ̀ṣun, pé kí a tó pín ojú ilẹ̀ ọjà fún ẹni tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí a kọ orúkọ àwọn tí ń ta oúnjẹ níbẹ̀ sílẹ̀. Kí ibi tí a ó fún wọn má ṣe jìnnà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹni tí ń ta ẹ̀kọ lè rí san lójoojúmọ́.