Ẹ Má Fi Tépù Bo Iná ABS Mọ́

Tépù dúdú kékeré kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Àsin-Èkìtì mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe èyí tí rewáyà fi ń so wáyà. Èyí tí à ń wí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú dáṣíbọọ̀dù, níbi tí iná ABS ti yẹ kó máa tàn. Ẹni tó bá jókòó síwájú nínú ọkọ̀ tó ń ná Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé ti rí i rí. Bí kò bá sí tépù, á jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí iná náà máa tàn yanran láti gáréèjì dé gáréèjì, kí ẹnikẹ́ni má bìkítà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé, “Bàbá, iná kí nìyí, ẹ jọ̀ọ́?” èsì tí a máa ń gbà ni pé, “Ọmọ mi, ìyẹn ò lè ṣe nǹkan kan. Bó ṣe ń rìn látijọ́ nìyẹn.”

Irọ́ ni. A fẹ́ sọ ìdí tó fi jẹ́ irọ́, ẹni tó bá sì ní èsì kó fún wa.

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì, pàápàá lórí ọ̀dà tí òjò ti rọ̀ sí, táyà lè dúró gbagidi kí ọkọ̀ ṣì máa yọ̀ lọ. Táyà tí kò yí kì í gbọ́ ti sítíárìn. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, iwájú ni ọkọ̀ ń lọ. Iṣẹ́ ABS ni láti má jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ohun kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní sensọ̀, òun ló ń ka bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń yára yí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dúró nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń yí, kọ̀ǹpútà ABS á dín agbára bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn kù, á tún dá a padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló ń mú kí pẹ́dàlì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, tí àwọn awakọ̀ mìíràn fi ń rò pé bíréèkì ti bàjẹ́. Láti 1978 tí Bosch àti Mercedes-Benz ti gbé e jáde sínú ọkọ̀ S-Class ni ayé ti ń lò ó.

Bí iná ABS nìkan bá tàn, bíréèkì lásán ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí irọ́ yìí fi rọrùn láti gbà gbọ́: ọkọ̀ ń dúró ní gáréèjì, ó ń dúró níwájú géètì, ó dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ pé. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já sójú títì nínú òjò ni a ó mọ̀ pé kò pé. Bí iná bíréèkì pupa bá wá tàn mọ́ ọn, ẹ ní kí awakọ̀ dúró, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òróró bíréèkì ń jò, tàbí pé ohun tó ń pín agbára bíréèkì láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá wa fi Peugeot 504 rin ọ̀nà yìí láìsí ABS. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní lórí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ABS lè jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó dúró. Òótọ́ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa 504 mọ̀ pé òun kò ní in, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ tiwa ra Corolla tàbí Sienna tó ní i, ó jẹ́ kó kú, ó bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀, ó wá kó èrò sínú rẹ̀. Bó bá tà á lọ́la, ẹni tó rà á kò ní mọ̀.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn náà kò tó ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹrẹ̀ pupa ilẹ̀ wa lè bo sensọ̀. Kòtò lè já wáyà rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ jẹ́wọ́ ni ti béárìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, òrùka onímágnẹ́ẹ̀tì tí sensọ̀ ń kà wà lára béárìn fúnra rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí mẹkáníìkì bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, tàbí tó ra èyí tí kò ní òrùka, ọkọ̀ á máa rìn, iná ABS á sì tàn. Wọ́n á wá ní pọ́ǹpù ABS ló kú, kí oníọkọ̀ wá owó pọ́ǹpù àlòkù láti Ládípọ̀. Owó á tán, iná kò ní kú. Níbẹ̀ ni tépù ti ń wọlé.

Skáánà tí wọ́n ń gbé kiri náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ka ABS. Èyí olówó pọ́ọ́kú tó ń ka ẹ́ńjìnnì lè sọ pé kò sí wàhálà, nítorí pé kò bá kọ̀ǹpútà ABS sọ̀rọ̀ rárá. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo òróró bíréèkì, fíúsì, orí bátìrì, wáyà àti sensọ̀ lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n wò ó bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ pọ́ǹpù.

Ìrè, ìlú Ògún, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ níbí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yìí kò jẹ́ fi irin búra lórí irọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi tépù di irin tó ń sọ òótọ́ lẹ́nu. (Wọlé Ṣóyínká, tí gbogbo wa mọ bó ṣe fẹ́ràn Ògún tó, ni alága àkọ́kọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. A kàn ní ká rán ara wa létí ni.)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti jàpá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá wa sọ fún wọn. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, bí iná ABS bá ń tàn lọ́jọ́ MOT, ọkọ̀ ti fìdí rẹmi nìyẹn. Níbí, àyẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni C-caution, panápaná, táyà ìrọ́pò àti ìwé ọkọ̀. Ọkọ̀ lè ní gbogbo rẹ̀ pé pérépéré kí ABS rẹ̀ ti kú láti ìjọ́sí.

Ọgbà méjì ni FUOYE ní, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, a kò sì lè ṣe kí a má rin ọ̀nà yìí. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò gba owó. Kí wọ́n bá àwọn olórí gáréèjì jókòó, kí ọkọ̀ tó ní ABS tó bá fẹ́ máa gbé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò kan: kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Iná ABS gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tàbí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Bí kò bá kú, kí oníọkọ̀ lọ tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé a mọ̀ pé owó kò sí nílùú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó má gbé wa mọ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé, kí òjò tó dé.