Ilé Kì Í Jókòó Tán

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ìdúmọ̀tà títí wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, bí o bá tọ́ka sí ibi tí dẹ́kìn ti sán, lánlọ́ọ̀dù á dá ọ lóhùn wẹ́rẹ́: “Ilé ló jókòó. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún.” Bírìkìlà á po símẹ́ńtì díẹ̀ dí i, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ayálégbé tuntun á sanwó.

Irọ́ ni! Kọnkéré kì í jókòó tán. Bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, yóò máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fi ìdérí ìkòkò kún ẹrù náà. Ó ń yá lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń falẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Níbi tó bá ti sán, irin nìkan ló kù tó ń fà á mú. Irin náà á máa yọ̀ nínú kọnkéré tó dì í mú, ojú ibẹ̀ á máa fẹ̀, omi òjò àti atẹ́gùn oníyọ̀ á wọlé, ìpẹtà á dé. Ogún ọdún tí ẹ fi ń yangàn, ogún ọdún ìtẹ̀ ni.

Wọ́n tún ti kó òmíràn dé: ẹ po okùn ike wẹ́wẹ́ mọ́ kọnkéré, kò ní sán mọ́ láéláé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn tó bá sán ni okùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ ẹrù tí kì í sọ̀ kalẹ̀, ike fúnra rẹ̀ á máa nà. Irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ kọnkéré sàn jù ú lọ, síbẹ̀ òun náà ń yọ̀. Ìdánwò ọjọ́ kan ò lè jẹ́rìí ọdún mẹ́wàá.

Ní orílẹ̀-èdè Palau, wọ́n parí afárá Koror–Babeldaob ní 1977, àárín rẹ̀ gùn tó mítà 241. Àwọn ẹnjiníà gidi ló ṣe é o, kì í ṣe bírìkìlà àdúgbò. Àárín náà tẹ̀ ju mítà kan lọ. Wọ́n tún un ṣe ní 1996. Lọ́dún yẹn kan náà ló já sómi.

Palau jìnnà, àbí? Ìta Fàájì l'Ékòó níbí ń kọ́? Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé tí iléèwé wà lókè rẹ̀ wó mọ́ àwọn ọmọ lórí. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú. Ilé yẹn náà ṣì dúró lánàá rẹ̀.

Ẹ má fi Mọ́ṣáláṣí Ṣítta-Bey ti 1894 tó ṣì dúró l'Ékòó bá mi jiyàn: kò sí ẹni tó kọ́ àjà mẹ́ta lé e láìgbàṣẹ.

Ẹ lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ mọ́ ojú ibi tó sán. Bó bá fọ́, ojú ibẹ̀ ṣì ń fẹ̀ nìyẹn: ẹ kó jáde, kí ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, owó ilé ọdún méjì tí ẹ gbà ṣáájú tó láti san owó iṣẹ́ rẹ̀.