Ta Ni Yóò Gbé Igbá Síwájú Aláṣẹ?

Bí o láyà kí o ṣèkà; bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Gáà tí àwọn àgbà ń fi ikú rẹ̀ kìlọ̀ yìí kì í ṣe ọba. Baṣọ̀run ni, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ẹni tí Ọ̀yọ́ fi ṣọ́ ọba. Àwọn tó ń bá wa jiyàn pé ìjọba ọba ló burú, tàbí pé ìjọba aláìlọ́ba ló dára, ibi tí agbára ti wá ni wọ́n tẹjú mọ́. Èmi a máa bèèrè ẹni tó lè gbà á padà.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọni di Aláàfin. Ẹni tí kò bá ti ìdílé Ọ̀rànmíyàn wá, bó ti wù kó gbọ́n tó, adé kò kàn án. Síbẹ̀, láyé àtijọ́, Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, mọ̀ pé bí òun bá ṣàṣejù, Baṣọ̀run lè gbé igbá òfìfo síwájú òun. Ìgbà tó bá ti ṣígbá wò, ẹ̀bẹ̀ ti tán. Yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ni. Gáà ló sọ igbá yìí di ohun ìjà. Ọba ń kú tẹ̀ léra, títí Aláàfin Abíọ́dún fi kó ogun jà á, tó sì ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́dún 1774.

Ìbàdàn ní tirẹ̀ kò ní adé níbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì fi ìlànà kan lélẹ̀: a kì í joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Ìbíkúnlé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó di Balógun. Látóòsà wá láti Ìlọrà, ó di Ààrẹ. Bí Baálẹ̀ bá kú, ìjòyè mìíràn ló ń gòkè, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ibi tí Ìbàdàn ti ju Ọ̀yọ́ lọ nìyẹn, n kò ní fi bò.

Ṣùgbọ́n ta ló ní igbá tí yóò gbé síwájú Látóòsà? Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, ló ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Lọ́dún 1874, Ààrẹ fẹ̀sùn kàn án pé kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò wá pàdé òun lẹ́nu odi, ó sì rọ̀ ọ́ lóyè. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ẹrú Ìyálóde fúnra rẹ̀ fi pa á lóru. Ìlú tó ṣílẹ̀kùn oyè fún àlejò kò rí ẹni tó lè di ọwọ́ alágbára mú.

Ìjọba wa òde òní fi igbá tirẹ̀ sínú ìwé òfin: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè yọ gómìnà. Ní January 2006, aṣòfin 18 péré nínú 32 ni wọ́n fi yọ Rashidi Ladoja nípò gómìnà Ọ̀yọ́. Iye wọn kò pé, wọ́n sì mọ̀. Ladoja kò kó ogun jọ. Kóòtù ló lọ, nígbà tó sì di December, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kó padà sórí àga rẹ̀. Ọkùnrin náà ti wà lórí àkàbà oyè Ìbàdàn kó tó di gómìnà. 2025 ló tó kàn án láti jẹ Olúbàdàn, ọba Ìbàdàn.