Owó Tó Ń Bá Omi Wọlé

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun máa ń kún ní St. Marys, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń fà. Bó bá kún, á gun orí irà oníkoríko lọ títí dé ibi tí àwọn èèyàn ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́. Bó bá fà, ẹrẹ̀ dúdú á yọ síta. Ìlú kékeré ni, ní igun ìsàlẹ̀ pátápátá ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ti pààlà láàárín Georgia àti Florida. Owó tó ń wọ ìlú náà ló ká mi lára, torí òun náà ń kún, òun náà ń fà.

Ẹ̀gbẹ́ ìlú náà ni ibùdó Kings Bay wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń kó àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń gbé ohun ìjà átọ́míìkì sí. Ikọ̀ atukọ̀ méjì ló ń pín ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tù: wọ́n ń pe ọ̀kan ní ikọ̀ Búlúù, wọ́n ń pe ìkejì ní ikọ̀ Wúrà. Ikọ̀ kan á tó nǹkan bí 150 èèyàn. Bí wọ́n bá wọ abẹ́ òkun lọ, ó máa ń tó nǹkan bí 77 ọjọ́ kí ojú wọn tó tún kan oòrùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọn ò gẹrun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọn ò pààrọ̀ táyà, wọn ò jókòó sílé oúnjẹ. Owó oṣù wọn ń wọ báńkì, aya tàbí ọkọ tó wà nílé ń ná níwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ìbá kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn lọ sílé oúnjẹ lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì wà nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá ń ṣòwò nírú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ oṣù tí ọwọ́ máa ń dẹ̀ àti oṣù tí ọjà máa ń yá.

Báwo ni ibùdó ọ̀hún ṣe débẹ̀? Ìtàn yìí ló ń yà mí lẹ́nu jù. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ kọ́ èbúté kan sí Kings Bay nítorí bí ogun bá dé. Ogun ò dé, wọ́n sì fi èbúté náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1976, Amẹ́ríkà àti Sípéènì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Madrid pé àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà tó wà ní Rota, ní etíkun Sípéènì, gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó di oṣù keje ọdún 1979. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa kó wọn sí, ojú wọn sì bọ́ sára èbúté tí ẹnikẹ́ni ò lò. Lọ́jọ́ kejì oṣù keje ọdún 1979, USS Simon Lake, ọkọ̀ tó ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi náà, gúnlẹ̀ sí Kings Bay. Nígbà tó di 1980, ìjọba ní ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Trident, ti etíkun ìlà-oòrùn, máa fi ṣe ilé. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án, owó tó wọ̀ ọ́ sì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù kìíní ọdún 1989 ni USS Tennessee, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọkọ̀ náà, wọlé.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Ní 1980, èèyàn 13,371 ló ń gbé ní gbogbo Camden County, àgbègbè tí St. Marys wà. Ní 1990, wọ́n ti di 30,167. Ní 2000, wọ́n ti di 43,664. Ogún ọdún péré, èèyàn ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ní Madrid mọ̀ pé àwọn ń bá ìlú kékeré kan ní Georgia sọ̀rọ̀.

Kí ibùdó tó dé, iléeṣẹ́ pépà Gilman ló ń bọ́ ìlú náà. Ní 1941 ló débẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́ta ọdún tó fi ń yọ èéfín. Ẹni tí kò dé yunifásítì lè ríṣẹ́ níbẹ̀, kó kọ́lé, kó rán ọmọ nílé ìwé. Àwọn tó ní igbó igi páìnì náà ń rí igi tà fún un, awakọ̀ tó ń kó igi ń jẹun lára rẹ̀, ó sì ń san owó orí fún ìjọba àgbègbè. Ní ìparí 1999, wọ́n tà á fún iléeṣẹ́ kan láti Mẹ́síkò. Ní 2002, wọ́n ti tì í pa. Nǹkan bí 900 òṣìṣẹ́ ló kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀. Ìlú míì ìbá dahoro. St. Marys ò dahoro, torí Kings Bay wà nítòsí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ìyẹn tu ara wọn nínú.

Ìtùnú yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Owó iléeṣẹ́ pépà àti owó ibùdó kì í ṣe oríṣi kan náà. Ilẹ̀ ibùdó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, kì í san owó orí ilẹ̀ fún àgbègbè, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jáde láti ibẹ̀ ń lọ sílé ìwé àgbègbè. Láti 1950 ni òfin kan ti wà pé kí ìjọba àpapọ̀ máa fi owó díẹ̀ dí àlàfo yẹn fún àwọn ilé ìwé. Nínú ọgbà ibùdó sì ni ṣọ́ọ̀bù àwọn ológun wà, níbi tí wọ́n ti ń ra ẹran, mílíìkì àti ọṣẹ láìsan owó orí ọjà, nítorí náà apá kan owó oṣù náà kì í gba ẹnu géètì jáde rárá. Èyí tó bá jáde, ọ̀dọ̀ onílé ló kọ́kọ́ ń lọ. Ìjọba ń fún ológun tó bá háyà ilé níta ní owó ilé, àwọn onílé sì mọ iye tí wọ́n ń gbà. Èyí dára fún ẹni tó nílé. Àmọ́ tíṣà, ọmọ ilé oúnjẹ, ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ọjà ilé kan náà làwọn ń ná pẹ̀lú ẹni tí ìjọba ń bá sanwó, kò sì sẹ́ni tó ń bá tiwọn san. Àwọn wọ̀nyí ni àánú wọn ń ṣe mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ibùdó. Àwọn ológun tó fẹ̀yìn tì máa ń dúró sí irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì ń bọ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n owó ìjọba pàápàá ń dá dúró nígbà míì. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí àwọn olóṣèlú Washington ń jà lórí ètò ìnáwó, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Etíkun tó ń sin àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi náà wọlé àti jáde ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsanwó láìrí owó gbà.

Àwọn olórí àgbègbè náà mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀nà kejì ni pápá tí wọ́n á ti máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí òfurufú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lé e, owó àgbègbè tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ ló bá a lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ fún wọn níwèé àṣẹ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ará ìlú dìbò, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n ṣe é re lójú tèmi. Ẹni tí iléeṣẹ́ ńlá kan ti já sílẹ̀ rí, tó sì ń gbé ní òjìji ibùdó ńlá kan, kò yẹ kó tún lọ fi owó ọmọ rẹ̀ wá bàbá ìsàlẹ̀ kẹta. Òfurufú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ìbá gbà pàápàá kọjá lórí erékùṣù Cumberland, erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn arìnrìn-àjò lọ láti etí odò St. Marys. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi jẹ́ kí èèyàn tó ń lọ síbẹ̀ ju 300 lọ lójúmọ́. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ ń jẹun kí wọ́n tó wọkọ̀, òmíràn á sùn mọ́jú.

Ohun tí mo rí fi ọwọ́ sọ̀yà ni iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe nínú Kings Bay fúnra rẹ̀. Wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ wọlé kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ irin jíjó, iṣẹ́ iná, iṣẹ́ páìpù, wọ́n sì ń sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ ẹni tí iléeṣẹ́ pépà já sílẹ̀ lè ti ibẹ̀ di ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́. Ìlú ńlá Jacksonville ní Florida kò jìnnà sí wọn, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ogun ní Virginia náà ń wá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Kings Bay bá kó lọ bí wọ́n ṣe kó kúrò ní Rota, ọmọ yẹn á kó iṣẹ́ rẹ̀ dání, á wọ mọ́tò, á sì máa lọ. Ilé tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́ nígbà tí pépà ṣì ń jáde, ẹ̀gbẹ́ irà níbi tí omi ń kún tó ń fà, kò ṣeé dì mọ́ ẹrù.