Kí A Tó Gbé Alùpùpù Wọ Aṣálẹ̀ Etí Òkun

Láti Nouakchott, olú-ìlú Mauritania, dé Nouadhibou tó wà ní àríwá, nǹkan bí 470 kìlómítà ni. Bí ènìyàn bá dorí kọ àríwá, òkun Àtìláńtíìkì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, aṣálẹ̀ Sàhárà wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé kò pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, igi ṣọ̀wọ́n, omi tó ṣe é mu sì ṣọ̀wọ́n ju igi lọ. Ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù orí iyanrìn máa ń fọkàn sí, àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà sì wà lára wọn, láti Èkó títí dé Cotonou.

Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n lọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí a ṣe ń to ètò irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Alùpùpù ni a ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: bí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó, irú táyà tó dára, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó wuyì jù. Lẹ́yìn náà ni a óò rántí epo, lẹ́yìn epo omi, lẹ́yìn omi ìwé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni a ń rántí kẹ́yìn, bí a bá tilẹ̀ rántí wọn rárá. Èrò tèmi ni pé kí a dojú ètò yìí dé: kí a ti ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ alùpùpù jẹ́ èyí tí a óò fi parí rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìwà ọmọlúàbí nìkan ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ẹni tó ń lọ wà nínú rẹ̀.

Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí ọ̀nà yìí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, etí òkun gan-an ni ọkọ̀ ń gbà. Láti abúlé Nouamghar wá sí Nouakchott, nǹkan bí 150 kìlómítà, àwọn awakọ̀ á dúró kí omi òkun fà sẹ́yìn, kí iyanrìn tí omi ti rin le, kí wọ́n tó sáré kọjá. Bí omi bá padà dé bá wọn lójú ọ̀nà, òkìtì iyanrìn rírọ̀ wà lápá kan, ìgbì wà lápá kejì. Ọkọ̀ tó bá rì síbẹ̀ di ti òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi máa ń fà láàárín ọjọ́ kan, àkókò rẹ̀ sì máa ń sún síwájú pẹ̀lú nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi aago àná rin tòní ti fi ara rẹ̀ wéwu. Àwọn apẹja tó ń gbé etí omi náà kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Àwọn tí ẹ óò bi léèrè yìí ní orúkọ. Láti Nouamghar lọ sí àríwá ni ọgbà ìpamọ́ Banc d'Arguin wà, tí ìjọba Mauritania dá sílẹ̀ ní 1976, tí UNESCO sì kọ sára àwọn ogún gbogbo ayé ní 1989. Ó gba nǹkan bí 12,000 kìlómítà níbùú lóròó, ilẹ̀ àti òkun pa pọ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn Imraguen ń gbé, àwọn apẹja tó tẹ̀dó sí abúlé kéékèèké létí òkun. Láyé àtijọ́, wọ́n á fi igi na ojú omi, àwọn ẹja dolphin á gbọ́, wọ́n á sì máa lé ẹja mìíràn bọ̀ wá sí etí òkun, sínú àwọ̀n tí àwọn apẹja ti nà sílẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ onígbòkun ni òfin ọgbà náà gbà kí wọ́n fi pẹja. Wọn kò gbọdọ̀ so ẹ̀ńjìnnì mọ́ ọn.

Ẹ wò ó báyìí. Òfin ní kí apẹja tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ pa ẹ̀ńjìnnì tì, kí ẹja àti ẹyẹ lè sinmi. Ṣé ó wá yẹ kí àlejò tó wá ṣeré máa bú ẹ̀ńjìnnì ramúramù létí omi kan náà? Ẹyẹ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń ti apá àríwá ayé wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, láti Siberia àti Greenland, láti sá fún òtútù. Bí omi bá fà, wọ́n á jẹun nínú ẹrẹ̀. Bí omi bá kún, wọ́n á sinmi létí iyanrìn. Ọ̀rá tí wọ́n bá kó sára níbẹ̀ ni wọn yóò fi fò padà. Ìgbàkígbà tí a bá dẹ́rù bà wọ́n tí wọ́n fò dìde, ọ̀rá náà ni wọ́n ń ná. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oṣù tí ara tu àwa tó ń gun alùpùpù, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, àkókò yẹn gan-an ni ẹyẹ pọ̀ jù.

Ẹnìkan lè sọ pé alùpùpù kan ṣoṣo kò lè ba nǹkan jẹ́. Ìpa táyà tí ẹni àkọ́kọ́ bá fi sílẹ̀ ni ẹni kejì ń tọ̀, ìpa wọn sì ni ogún ènìyàn yóò tọ̀ lẹ́yìn wọn. Ojú ilẹ̀ aṣálẹ̀ tó le kì í tètè gbàgbé: òjò kò wá láti fọ̀ ọ́, koríko kò hù láti bò ó. Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ rí Banc d'Arguin gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn alákòóso ọgbà, kí ó mú afọ̀nàhàn, kí ó tọ ipa ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀ dé abúlé, kí ó sì pa ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ síbẹ̀. Kí ó sanwó fún Imraguen kan kí onítọ̀hún fi ọkọ̀ onígbòkun gbé e rìn. Yóò rí ju ohun tí ẹni tó sáré kọjá yóò rí lọ, owó rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ka aṣálẹ̀ sí pápá ìṣeré lásán. Ìdíje Paris sí Dakar bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1978. Ó gbé orúkọ Dakar kiri ayé, ó sì mú owó wá fún àwọn kan. Ní 2006, àwọn ọkọ̀ ìdíje náà pa ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Guinea, wọ́n sì pa ọmọ ọdún méjìlá kan ní Senegal, láàárín ọjọ́ méjì. Ọmọ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà abúlé rẹ̀ kò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan. Nígbà tí wọ́n pa àwọn arìnrìnàjò ọmọ Faransé mẹ́rin nítòsí Aleg ní Mauritania ní oṣù kejìlá 2007, wọ́n fagi lé ìdíje 2008, wọ́n kó o lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún kó o lọ sí Saudi Arabia ní 2020. Orúkọ Dakar ni wọ́n ṣì ń jẹ. Àwọn abúlé tí wọ́n ń gbà kọjá kò rí ibòmíràn kó lọ.

Lẹ́yìn àwọn onílẹ̀, omi àti epo ló kàn. Ká sọ pé táǹkì alùpùpù yín gba lítà 9, tí lítà kan sì ń gbé e rin kìlómítà 22 lórí ọ̀dà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 200. Nínú iyanrìn rírọ̀, bí lítà kan bá gbé e rin kìlómítà 12 péré, 200 ti di 108. Atẹ́gùn ibẹ̀ sì sábà máa ń ti àríwá fẹ́ wá, nítorí náà ẹni tó ń lọ sí Nouadhibou yóò jo epo ju ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lọ. Ilé epo kan wà ní nǹkan bí àárín ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Gare du Nord, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n kì í fi ìrètí kún táǹkì. Ní ti omi, lítà mẹ́fà lóòjọ́ kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń bá iyanrìn wọ̀jà nínú oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ lítà 18, ìyẹn kílò 18, kí a tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo, àgọ́, táyà túùbù àti irinṣẹ́ lé e. Ìgbà tí a bá ti ṣe ìṣirò yìí tán ni a tó lè mọ irú alùpùpù tó yẹ ká rà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí tó fúyẹ́, tí mẹkáníìkì ìgbèríko lè tún ṣe, máa ń sàn ju èyí tó lágbára jù lọ lọ.

Ewu mìíràn wà tí ojú kò rí. Nígbà ogun Western Sahara, tí Mauritania wà nínú rẹ̀ láti 1975 sí 1979, wọ́n ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ ní agbègbè Nouadhibou àti lẹ́bàá ibodè. Ọ̀nà reluwé tó ń gbé irin láti Zouérat wá sí Nouadhibou ń gba ẹ̀gbẹ́ ibodè náà kọjá. Ẹni tó bá yà sí òdìkejì rẹ̀ láti wá iyanrìn tó dán lè má padà. Àwọn àgbà wa ní ojú àlejò ní ń tóbi, kì í fi ríran. Máàpù inú fóònù kò ní sọ fún yín ibi tí ràkúnmí kì í gbà. Darandaran yóò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti dùn mí jù. Mauritania wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975, ṣùgbọ́n ó kúrò nínú rẹ̀ ní 2000. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà. Láti oṣù kìíní 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń tọrọ rẹ̀ kí a tó gbéra. Ìwé adójútòfò Brown Card kò wúlò mọ́ bí a bá ti sọdá odò Senegal. A ní láti ra ti ibẹ̀. Ní ibi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́pàá máa ń gba fiche, ìwé pélébé tí orúkọ àti nọ́mbà ìwé ìrìnnà wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ dání.

Ṣùgbọ́n ìwé pípé nìkan kò tó. Etíkun yìí ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí erékùṣù Canary. Ní oṣù kẹta 2024, ìṣọ̀kan Yúróòpù bá Mauritania tọwọ́ bọ àdéhùn mílíọ̀nù 210 yúrò, tí dídá àwọn arìnrìnàjò dúró wà nínú rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí ọmọ Jámánì bá dúró létí omi ní Nouadhibou, arìnrìnàjò afẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ Ìbàdàn bá dúró síbẹ̀, wọ́n lè rò pé ọkọ̀ ló ń dúró dè. Kò tọ́, ó sì yẹ ká máa sọ pé kò tọ́, nítorí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwa náà wà. Síbẹ̀, kí ó tó yí padà, ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ ọgbà, orúkọ afọ̀nàhàn àti ẹ̀rí ọ̀nà ìpadà yín wà nítòsí ọwọ́. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London gba Mauritania wá sí Èkó, láti kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ sí i, tí wọ́n kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún onílé, ojú tí wọ́n fi ń wò wá lè yí padà.

Ní oṣù keje 1816, ọkọ̀ ojú omi Faransé kan, Méduse, rì mọ́ iyanrìn abẹ́ omi Banc d'Arguin. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ti lé ní ogún ọdún tí kò ti tukọ̀. Ojú rere ìjọba ló gbé e dé ipò, kò sì gba ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ jù ú lọ. Nínú nǹkan bí 147 ènìyàn tí wọ́n kó sórí pákó, 15 péré ni wọ́n bá láàyè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá. Òkun náà ṣì wà níbẹ̀, iyanrìn náà sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra alùpùpù, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ óò bi léèrè ní abúlé kọ̀ọ̀kan, iye omi àti epo fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ẹ óò pè nílé lálaalẹ́ àti ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbọ́ ohùn yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni kan nínú yín tó lè sọ pé ẹ jẹ́ ká padà, tí ẹ ó sì padà láìjiyàn. Bí àlàfo bá wà lórí ìwé náà, ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀. Aṣálẹ̀ kò ní lọ.